Ẹ Wọn Tábìlì Yín Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Ẹ̀yìn: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Oníṣẹ́ Ìdúró

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀yìn alágbàfọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Èèyàn á gbé áyọ́ọ̀nù nàró, á fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, á ré sẹ́yìn díẹ̀, á mí kanlẹ̀, á tún tẹ̀ bọ orí tábìlì. Bó bá délé, kò ní lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Bó bá sì jókòó, dídìde á di wàhálà. Àwọn àgbà ní kò sí ìdúró, kò sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó gbé odó mì. Àwa ò gbé odó mì o. A kàn dúró ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú ni pé ká "dúró dáadáa." A ó na ẹ̀yìn bíi sójà tó ń retí gómìnà, orúnkún á le gbagidi, àyà á yọ síwájú. Ogún ìṣẹ́jú kò ní pé tó fi máa sú wa, tó bá sì dọ̀la, a ti gbàgbé. Èmi náà fi bí ọdún méjì ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì láàárín. Nígbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ físíò kan, àwọn tó ń fi ìdárayá wo ara ríro, ní ọsibítù ìjọba, obìnrin náà kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi tó fi bi mí pé, "Bàbá, báwo ni tábìlì yín ṣe ga tó?" N kò mọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi dúró ti tábìlì yẹn.

Ẹni tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti ń ro ju oṣù mẹ́ta lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdúró, ni mo kọ èyí fún: alágbàfọ̀, onídìrí, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, télọ̀ tó ń gé aṣọ, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Tábìlì ìlọṣọ ni màá fi ṣàpẹẹrẹ jù, torí òun ni mo mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka èyí

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n máa wọn tábìlì rárá, ọsibítù ló yẹ kí wọ́n lọ. Bí ìdí, ojú ara tàbí àárín itan yín bá kú tipiri, débi pé ẹ ò mọ ọwọ́ lára mọ́ nígbà tí ẹ bá ń nùdí, tàbí bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń yọ láìmọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ibẹ̀ ló há, tí wọ́n bá sì há pẹ́, wọ́n lè má bọ̀ sípò mọ́.

Bí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ, tàbí tó ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹ bá ń rìn, ẹ má fi falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀yìn ríro bá ń bá ibà rìn, tàbí òógùn òru, tàbí kí ara máa rù láìnídìí, tàbí ikọ́ tí kò lọ, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa wọ egungun ẹ̀yìn. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà kí ìrora náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jẹ́ SS, ẹni tó ti lé ní 50 ọdún tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ro: kí dókítà kọ́kọ́ wò yín ná.

Àwa tó kù la pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 619 mílíọ̀nù èèyàn ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro ní ọdún 2020, àti pé nínú ẹni mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní àrùn kan pàtó tí wọ́n lè nàka sí pé òun ló fà á. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya fọ́tò egungun yín tí wọn ò rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé irọ́ lẹ ń pa, kò sì túmọ̀ sí pé ayé ló ń ṣe yín.

Ohun tí ẹ máa nílò

Téèpù télọ̀ kan. Ìwé kékeré àti bíírò. Búlọ́ọ̀kù 6 ínǹṣì kan, tàbí àpótí pákó tí kò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí nípọn mẹ́ta tàbí ẹní rọ́bà. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Fóònù tó lè dún láago. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ gígùn kan. Ẹnì kan tó máa bá yín fi ojú wò ó láti ẹ̀gbẹ́, tó sì máa yà yín ní fọ́tò. Bàtà lowó rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀, bí ẹ bá sì ti ní i, ó parí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Lójoojúmọ́, ẹ kọ aago tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, àti bó ṣe le tó láti 0 dé 10. Ẹ tún kọ nọ́ńbà kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bó bá ro, bí kò ro.

Ibi tí a ti máa ń ṣìṣe: a máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí torí a rò pé a mọ ohun tó ń ṣe wá. Èmi rò pé ìdúró ló ń pa mí. Ìwé ni ó jẹ́ kí n rí i pé bí mo bá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ara mi máa ń le. Agbádá àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ló ń dá mi lóró, torí mo ní láti na ọwọ́ kọjá tábìlì kí n tó dé òdìkejì. Ìdúró ọ̀tọ̀, nínà ọ̀tọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó yẹ kí ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé, "Láti bí aago báyìí ni, nígbà tí mo bá ń ṣe báyìí." Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn tábìlì

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ wọ bàtà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí èjìká rọlẹ̀, ẹ wá ká apá bí ẹni tó gbé tíréè dání. Kí ẹnì kejì fi téèpù wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn tábìlì láti ilẹ̀ dé ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ ló máa sọ bó ṣe yẹ kí tábìlì fi rẹlẹ̀ tó sí ìgúnpá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò gba agbára, bíi kíká aṣọ, dídi ọjà, kíka owó, ẹ jẹ́ kí tábìlì fi ínǹṣì 2 sí 4 rẹlẹ̀ sí i. Ìlọṣọ tó ń gba títẹ̀, ẹ sún un sí 4 dé 6. Iṣẹ́ tó gba agbára gan-an, bíi pípo ìyẹ̀fun, ó lè fi 8 dé 16 rẹlẹ̀, kí ìwúwo ara lè bá yín tì í. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojú, bíi kí èèyàn máa rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ léèsì, ńṣe ló yẹ kó ga ju ìgúnpá lọ bí ínǹṣì 2, kí ọrùn má baà máa wolẹ̀.

Tèmi rèé: ìgúnpá mi jẹ́ 43 ínǹṣì. Tábìlì, tí mo jogún lọ́wọ́ ọ̀gá mi, jẹ́ 31. Ìyàtọ̀ ínǹṣì 12! Ọ̀gá mi kúrú, Ọlọ́run bá wa kẹ́ ẹ, tábìlì tirẹ̀ ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ńṣe ni mo ń tẹ̀ bá a.

Búlọ́ọ̀kù 6 ínǹṣì mẹ́rin, tí mo dà dùbúlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbé e dé 37. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Búlọ́ọ̀kù ní ihò nínú, bí ẹsẹ̀ tábìlì bá bọ́ sórí ibi tó fẹ́lẹ́, ó lè là, áyọ́ọ̀nù gbígbóná á sì wá sórí ẹsẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pákó nípọn lé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ tó gbé tábìlì lé e. Ohun tó dára jù ni kí káfíńtà fi igi gùn ún lẹ́sẹ̀, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tó ti dá mi lójú pé gíga náà bá mi mu. Ẹ má pe káfíńtà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Búlọ́ọ̀kù ṣeé yọ, igi tí wọ́n ti gé kò ṣeé so padà.

Bí ẹni méjì bá ń lo tábìlì kan, ẹ ṣe é fún ẹni tó ga jù, kí ẹ ṣe pèpéle pákó fún ẹni tó kúrú. Ọmọ iṣẹ́ mi, ìgúnpá rẹ̀ jẹ́ 39, pèpéle ínǹṣì 3 tó o. Ẹ jẹ́ kí pèpéle gùn tó tábìlì láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Àwọn tó ń dúró lórí kéréètì mínírà máa ń gbàgbé pé orí nǹkan ni wọ́n wà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ òfìfo.

Lẹ́yìn gíga, ẹ wo nínà. Ẹ sún mọ́ tábìlì kí ikùn kan etí rẹ̀. Ohun tí ẹ ń mú lọ mú bọ̀, omi wíwọ́n, sítáàṣì, háńgà, ẹ fi wọ́n sí ibi tí ọwọ́ lè dé láìna ìgúnpá tán. Aṣọ fífẹ̀, ẹ rìn yí tábìlì ká dípò kí ẹ máa na ara kọjá rẹ̀. Bí okùn háńgà bá wà lẹ́yìn yín, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí, kì í ṣe ìbàdí.

Ẹ̀yin onídìrí, àga oníbàárà ni tábìlì yín. Bí kò bá ṣeé gbé sókè, ẹ fi tìmùtìmù lé e fún oníbàárà kúkúrú, kí ẹ sì jókòó sórí sítúùlù nígbà tí ẹ bá ń di irun ìsàlẹ̀ ọrùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dá ìdá kan nínú mẹ́ta pátákó sí nísàlẹ̀, ẹ kọ̀wé láti àyà sókè, kí ẹ sì nu ún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnì kan ya fọ́tò yín láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, láìsọ fún yín tẹ́lẹ̀. Bí ìbàdí bá tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí ọba, tábìlì ṣì rẹlẹ̀ tàbí ẹ jìnnà sí i. Bí èjìká bá ti gòkè lọ bá etí, ó ti ga jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀

Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan tàbí àpótí kékeré sábẹ́ tábìlì, kó ga ní ínǹṣì 4 sí 6. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Iṣan kan wà tó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn láti inú, tó gba ìgbáròkó kọjá sí iwájú itan. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà nílẹ̀ pẹ́, òun ló máa ń fa ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ síwájú bí okùn àgbò. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, okùn náà á dẹ̀. Ẹ wo àwọn bàbá tó ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú ilé, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Àṣìṣe: a máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e ní àárọ̀, kó sì wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn tún máa da ìgbáròkó sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Sìmẹ́ńtì àti táìsì le. Ẹ to páálí mẹ́ta léra, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Birmingham ní rọ́bà nípọn ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn. Páálí wa náà ń gbìyànjú, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì. Ó rọ̀ jù, ẹsẹ̀ á máa wá ìdúró kiri, iṣan ẹsẹ̀ á sì rẹ̀ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga ju 2 ínǹṣì, ẹ fi sílẹ̀ fún òde. Sílípáàsì tó ti jẹ lápá kan, ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní alẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ máa jó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dúpẹ́, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí ẹ ṣe máa dúró gan-an

Ẹ fẹ ẹsẹ̀ kó tó ìwọ̀n ìgbáròkó. Ẹ dẹ orúnkún díẹ̀, kó má tẹ̀, kó má sì le. Ẹ wá ti ikùn síwájú tán pátápátá, kí ẹ rí i bí ẹ̀yìn ṣe ká wọlé. Ẹ tún ká ìdí wọlé sábẹ́ bí ajá tí ẹ̀rù bà. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibi tó wà láàárín méjèèjì, tí ẹ lè mí kanlẹ̀ níbẹ̀ láìfún ikùn, ibẹ̀ ni ilé yín.

Ìdúró mẹ́ta la máa ń há sí. Ti sójà, tí mo ti sọ. Ti aláboyún, níbi tí a ti fi ikùn ti tábìlì, tí ìgbáròkó lọ síwájú tí àyà padà sẹ́yìn, tí gbogbo ara sì rọ̀ sórí egungun ẹ̀yìn. Ti ẹni tó ń dúró de mọ́tò, tó gbé gbogbo ara sí ẹsẹ̀ kan. Kò sí èyí tó jẹ́ májèlé nínú wọn. Kí ẹ fi wákàtí kan gbáko wà nínú rẹ̀ ló burú. Físíò yẹn ní kò sí ìdúró kan tó dára tó láti máa wà nínú rẹ̀ látàárọ̀, ohun tí mo sì ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn láti kékeré yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnì kan rọra ti èjìká yín. Ó yẹ kí ara mì bí igi ọ̀pẹ, kó padà. Bí ẹ bá ta gìì bí òpó iná, ẹ ti fún ara jù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ máa yí i padà kó tó ro yín

Ẹ fi fóònù sí ìṣẹ́jú 25. Bó bá dún, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ẹ fi ọwọ́ ti ìbàdí, ẹ rọra ré sẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ rìn dé ìdí ìkòkò omi kí ẹ mu díẹ̀, kí ẹ padà. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ibi tí gbogbo wa ti ń kùnà rèé: a máa ń dúró dìgbà tó bá ro wá ká tó sinmi. Nígbà náà, iṣan ti le, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì kò lè tú u. Bí aago bá dún tí ara yín ṣì yá gágá, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ to iṣẹ́ yín. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ rí ẹni tó jókòó, ọ̀lẹ ló máa ń pè é. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rírán, kíkọ nọ́ńbà sára aṣọ, kíká ìbọ̀sẹ̀, èwo ló nílò ìdúró nínú wọn? Tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kó dé ìrọ̀lẹ́. Ní báyìí mo ń fi wọ́n há àárín ìlọṣọ, kí n má baà dúró ju wákàtí méjì lọ láìjókòó. Olùkọ́ lè máa rìn láàárín àwọn ọmọ nígbà tó bá ń ṣàlàyé. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì lè rìn lọ rìn bọ̀, ọ̀gá rẹ̀ á tilẹ̀ rò pé ó ń ṣọ́ ilé dáadáa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi nọ́ńbà aago mẹ́rin wé ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá fi 2 dín kù, ẹ wà lójú ọ̀nà. Bí kò bá dín rárá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2, kí ẹ tún tábìlì wọ̀n. Mo ti rí ẹni tó wọ̀n ọ́n láìwọ bàtà.

Ìgbésẹ̀ 6: Omi, ẹrù àti balùwẹ̀

Jálá omi onílítà 25 wúwo tó kìlógírámù 25. Ẹ pín in sí bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀, ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún tó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, ẹ dẹ orúnkún, ẹ fa ẹrù mọ́ra, ẹ dìde. Ẹ má gbé e kí ẹ tún máa yí ìbàdí.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ní gbọọrọ, kó kan orí, àárín èjìká àti egungun ìdí. Ẹ tẹ̀ síwájú bí mo ṣe wí. Bí ọ̀kan nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ̀yìn lẹ fi tẹ̀, kì í ṣe ìgbáròkó.

Ẹ̀tàn kan tún wà ní àárọ̀. Ní òru, àwọn ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn máa ń fa omi mu, wọ́n á kún. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí ni títẹ̀ wolẹ̀ máa ń ni wọ́n lára jù. Àsìkò yẹn gan-an la máa ń tẹ̀ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti wẹ̀, tí a sì ń fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbá àgbàlá. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí àpótí. Ẹ gbálẹ̀ ní ọ̀sán, tàbí kí ẹ fi ọ̀pá sí ìgbálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní alẹ́

Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ti ológbò: ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò. Ẹ rọra ta ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá, ẹ tún rọra jẹ́ kó rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ẹ má fà á dé òpin, mímì la fẹ́.

Ti afárá: ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ẹ ká orúnkún, ẹ fún ìdí kí ẹ sì gbé e sókè. Ẹ ka 1 dé 5, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí ẹ̀yìn itan bá ń há, ẹ fa gìgísẹ̀ sún mọ́ ìdí.

Ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì: ẹ padà sí ìrákò. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn pa pọ̀, ẹ ka 1 dé 8, ẹ pààrọ̀. Márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé píọ́ wọ́tà kan lé ìbàdí. Bó bá já bọ́, ara ń yí, ẹ má na ẹsẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni tèmi fi ń já bọ́, àwọn ọmọ ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀.

Iwájú itan: ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú. Ẹ ká ìdí wọlé, ẹ wá sún síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n níwájú itan tó wà nílẹ̀. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀yìn dípò itan, ẹ ò ká ìdí wọlé.

Kó ro díẹ̀, kó sì lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò burú. Bí ìrora bá ń ta gba ẹsẹ̀ lọ kọjá orúnkún, ẹ dá a dúró, kí ẹ fi han físíò.

Lẹ́yìn èyí, ìrìn. Ìrìn kiri ìdí tábìlì kò kà. Ní Australia, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, lórí èèyàn 701 tí ẹ̀yìn ríro wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí àwọn kan máa rìn, kí wọ́n rọra fi kún un títí dé ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ó gba nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ẹ̀yìn tó tún mú àwọn tó ń rìn, àwọn tí kò rìn kò rí ju nǹkan bí 112 lọ. Èmi ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ibùdó méjì ṣáájú ilé.

Bẹ́líìtì, oògùn àti àgbo

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn mi ṣì wà lára ìṣó. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́, bẹ́líìtì wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má fún èèyàn. Irú oògùn tí tramadol jẹ́ náà wà níbẹ̀, torí ó ń di bárakú.

Diclofenac àti ibuprofen lè dín in kù fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá ń mu wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ikùn tèmi ló kọ́kọ́ kígbe. Gbogbo ẹ̀yìn tó bá sì ti ro la máa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, a ó wá da àgbo tí wọ́n fi ọtí pò lé diclofenac lórí. Inú tí kò tíì jẹun kò lè gba ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ lè ya níbẹ̀.

Ooru dára. Omi gbígbóná nínú ìgò, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù gbóná táwẹ́ẹ̀lì náà kí ẹ gbé e lé ẹ̀yìn. Àpá tèmi wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá tún gbé e dé

Ó máa dé, bí ẹ tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Dídùbúlẹ̀ pẹ́ ló ń jẹ́ kó pẹ́. Ẹ dín iṣẹ́ kù sí ìdajì, ẹ jẹ́ kí aago máa dún ní ìṣẹ́jú 15 dípò 25, ẹ ṣe ti ológbò nìkan, ẹ rìn díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ máa padà sí bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé tí nọ́ńbà aago mẹ́rin kò kúrò níbi tó wà, ẹ lọ rí físíò. Ẹ mú ìwé yẹn dání, ẹ mú fọ́tò tí wọ́n yà yín ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ẹ sì ti kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ojú ìwé àkọ́kọ́: ìgúnpá, tábìlì.